Ọkùnrin Tí Mi Ò Rí Àléébù Kọ Sí Lára

Mo dá ọkùnrin kan sórí ìwé.
Mo gbé e sí Chiloé, erékùṣù tí òjò kì í fẹ́ fi sílẹ̀,
ní gúúsù ilẹ̀ Chile, níbi tí ayé ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú òtútù.
Mo sọ ọ́ ní Erasmo. Mo fi Cárcamo ṣe orúkọ bàbá rẹ̀.
Mo fún un ní ọkọ̀ ojú omi kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́,
akọ màlúù méjì, fìlà onírun àgùntàn,
àti àlàfo eyín iwájú kan tó ti ká.
Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ọmọ iléèwé sọdá ọ̀sà láàárọ̀,
kó sì kó wọn padà nírọ̀lẹ́.

Ó tán. Mo wá jókòó, mo ń wá àléébù rẹ̀.
Wọ́n ṣáà ti kọ́ wa pé ènìyàn inú ìtàn
gbọ́dọ̀ ní ihò kan lára tí òkùnkùn ń gbà wọlé,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹkàwé á yán, á pa ìwé dé.

Mo kọ́kọ́ fún un ní ọtí.
Ó mu ife kan níbi ìsìnkú, ó fọ ife, ó dojú rẹ̀ dé.
Mo rán opó arẹwà kan sí i lóru.
Ó bá a tún òrùlé tó ń jò ṣe,
ó gbàgbé òòlù rẹ̀ síbẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta kó tó rántí.
Mo sin owó sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí n lè pè é ní ahun.
Kí n tó padà dé ojú ewé yẹn,
owó ti di bàtà òjò fún àwọn ọmọ Nahuelquín:
ọmọ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, àwọ̀ bàtà ò bára mu.

Inú bí mi. Mo ní ó dáa, ọ̀tá ni n ó fi dán an wò.
Mo kọ ọ́ pé Belarmino, aládùúgbò rẹ̀,
jí àgùntàn rẹ̀ mẹ́ta lọ́dún tí ọ̀dùnkún jẹrà.
Gbogbo erékùṣù mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ.
Ọdún méje. Òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹsẹ̀ ilé Belarmino.
Lọ́hùn-ún, bí òkun bá lé ọ, o kì í fi ilé rẹ sílẹ̀:
àdúgbò á gbé ilé onígi náà lé orí ìtì igi,
wọ́n á so ó mọ́ akọ màlúù, wọ́n á wọ́ ọ gòkè
tòun ti fèrèsé, tòun ti ààrò.
Ọ̀wẹ̀ ni à bá pè é nílé wa.
Màlúù kù díẹ̀ káàtó. Ti Erasmo nìkan ló ṣẹ́ kù.
Mo fi ọ̀rọ̀ kíkorò sí i lẹ́nu, ìlà mẹ́fà gbáko, ó dùn-ún kà.
Ó tu ú sínú ẹrẹ̀ bí kóró àgbálùmọ̀,
ó ní, "Okùn yín ti gbó. Ẹ dúró, mo ní òmíì nílé."

Wọ́n wọ́ ilé náà. Òjò ń rọ̀. Belarmino ò lè gbójú sókè.
Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó yọ́ wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù:
"Erasmo, àwọn àgùntàn ìjọsí yẹn..."
"Wọ́n ti darúgbó nígbà yẹn. Ẹran wọn á ti le."

Bí ẹ bá bi mí pé ṣé kì í ṣe òmùgọ̀ ni,
mi ò mọ̀. Inú rẹ̀ funfun bí òwú, kò sì sí owú níbẹ̀,
ìyẹn nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.
Èmi tí mo dá a, tí mo mọ iye irun imú rẹ̀,
mo wo inú rẹ̀ títí, mi ò rí yàrá ìkọ̀kọ̀.
Ilẹ̀kùn kan wà lóòótọ́. Mo ṣí i.
Igi ìdáná ló tò síbẹ̀,
ó sì ti fi ẹfun kọ orúkọ ẹlòmíì sára ìdajì rẹ̀.

Mo fẹ́ parí ìwé náà lálẹ́ àná,
kò dúró sójú kan kí n rí àmì ìdúró fi sí i.
Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, àtùpà lọ́wọ́,
ó ń tọwọ́ bọ omi ìdí ọkọ̀.
Mo ní, "Erasmo, ilẹ̀ ti ṣú. Kí lò ń wá?"
Ó ní, "Ìbọ̀wọ́ ọmọ kékeré yẹn. Aláwọ̀ ewé. Ti ọwọ́ òsì.
Ọ̀la á tutù."